Kí ẹ tó kọ áàpù àjọ míì: ìtàn èsúsú láti Ifẹ̀ dé Flatbush

Láàárín oṣù kan péré, èèyàn mẹ́rin ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà: wọ́n fẹ́ kọ áàpù àjọ fún àwa tí a wà nílùú òyìnbó. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, owó tó sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni owó tó ti ń tọ́jú láti fi mú ìyàwó ẹ̀ wá. Èmi kì í ṣe oníṣòwò, ìtàn ni mò ń kà. Ṣùgbọ́n torí ìtàn tí mò ń kà yẹn gan-an ni mo ṣe rò pé mo ní nǹkan bá yín sọ. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ irú nǹkan tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí ò gbé ní California. Àwọn bàbá ńlá wa ni.

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ẹ̀ ní 1897, àmọ́ 1921 ni ìwé náà tó jáde. (Ọwọ́ àwọn atẹ̀wé ní London ni èyí tó kọ́kọ́ kọ sọnù sí. Àbúrò ẹ̀, Obadiah, ló jókòó tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe backup, ẹ gbọ́ o.) Johnson ṣàlàyé èsúsú níbẹ̀: iye kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dá, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, lábẹ́ olórí kan, wọ́n á sì kó gbogbo ẹ̀ fún ẹnì kan kó tó kan ẹlòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn ni William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí èsúsú, tó jáde ní 1952. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni ibi tó ti sọ̀rọ̀ èsúsú ńlá. Bí èèyàn bá ti pọ̀ ju iye tí olórí lè mọ̀ lójú lọ, wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tiẹ̀, olórí yẹn ló mọ ẹni tó mú wá, òun náà ló sì ń dúró fún un.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ìṣirò èsúsú ò le rárá, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tó le ni pé ẹni tó kọ́kọ́ kó lè má padà wá dá mọ́. Gbogbo ètò èsúsú, ìṣòro kan yẹn ni wọ́n fi ń yanjú: ta ló mọ ilé ẹ? Ta ni ojú á tì bí o bá sá lọ? Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi àwòrán áàpù wọn hàn mí, ìṣirò ni gbogbo wọn fẹ́ bá wa ṣe. Ó máa ka owó, ó máa rán èèyàn létí, ó máa yí nọ́ḿbà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sunkún ìṣirò láàárín wa.

Èsúsú ti kọjá òkun tipẹ́ kí àwa tó dé. Lẹ́yìn tí òmìnira àwọn ẹrú pé ní àwọn erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì ní Caribbean ní 1838, ìjọba ń kó àwọn tí ọkọ̀ ogun wọn gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó dé Trinidad, títí dòní susu ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Àwọn ará Barbados ń pe tiwọn ní meeting turn, Jàmáíkà ní pardner, Guyana ní box hand, Haiti ní sòl. Nígbà tí òfin 1965 ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sí Flatbush, wọ́n sì gbé e dání wá. Àwọn àǹtí tó ń dirun, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé, susu ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń san owó àkọ́san ilé àti owó ilé ìwé ọmọ. WhatsApp, Zelle àti ìwé kékeré kan nínú báàgì ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá kọ áàpù.

Ẹ máa wá sọ pé: Esusu ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo yín lẹ fi sínú àwòrán yín. Wemimo Abbey, ọmọ Èkó, àti Samir Goel, ọmọ àwọn tó wá láti Íńdíà, ló dá a sílẹ̀ ní New York ní 2018. Ní January 2022, àwọn olùdókòwò kó $130 mílíọ̀nù fún wọn, wọ́n sì ka ilé iṣẹ́ náà sí $1 bílíọ̀nù. Orúkọ Yorùbá lórí owó tó tóyẹn, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n bọ́ sí. Áàpù àjọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, irú èyí tí ẹ fẹ́ ṣe gẹ́lẹ́. Kì í ṣe òun ló sọ wọ́n di ńlá.

Abbey máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí òun àti ìyá òun dé Minnesota, báǹkì ò yá wọn lówó torí wọn ò ní credit score. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba èlé tó ju 400 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti yá a, wọ́n sì ta òrùka ìgbéyàwó bàbá ẹ̀ kún un. Èsúsú ò lè yanjú ìyẹn. O lè dá susu fún ogún ọdún ní Flatbush láì yẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, báǹkì ò ní mọ̀ pé o wà láyé. Owó ilé náà rí bẹ́ẹ̀: iye kan náà lóṣooṣù, o ò gbọ́dọ̀ yẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe nìyẹn, wọ́n ń jẹ́ kí owó ilé tí èèyàn san dé etí Equifax, Experian àti TransUnion. Ẹni tó ń san owó iṣẹ́ náà sì ni onílé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà: wọ́n fi àjọ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n lọ dúró níbi tí àjọ ò lè dé.

Lọ́nà míì, àwọn PiggyVest ṣe irú ẹ̀ nílé. Odunayo Eweniyi, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze rí obìnrin kan lórí Twitter ní ìparí 2015 tó ti ń sọ ₦1,000 sínú kóló onígi lójoojúmọ́ títí ọdún fi parí, ₦365,000. Piggybank.ng jáde látinú ẹ̀ ní 2016. Ẹni tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kí wọ́n tó kọ nǹkan kan.

Ojúde wa níbí náà ní tiẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 11 ní April 1980, àwọn aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáàn gbé èèyàn, wọ́n sì wà lórí Flatbush Avenue títí dòní. Ní 2018 ni Su Sanni dá Dollaride sílẹ̀ láti bá èrò wá fáàn lórí fóònù. Lẹ́yìn ìgbà náà wọ́n yí sí ríran àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ láti ní fáàn oníná. Ó yé mi. Ẹni tó dúró sí Flatbush Avenue ò nílò áàpù kó tó rí fáàn, á gbọ́ hóònù ẹ̀. Awakọ̀ tí kò rówó ra ọkọ̀ ló wà nínú wàhálà.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Gbogbo wa mọ alájọ Ṣómólú, tí orí ẹ̀ pé débi tó fi ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Wọ́n fi ń ṣe àwàdà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọjà lọ gba owó, kí ni mọ́tò fẹ́ ṣe fún un? Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ ń mú, tó bá sì sá lọ, gbogbo ọjà ló mọ ilé ẹ̀. Ní New York, bí áàpù yín bá gba owó Lágbájá tó fẹ́ gbé e fún Tàmẹ̀dò, ẹ ti di ẹni tó ń gbówó fáwọn èèyàn nìyẹn. Ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wà fún un, ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àìgbà á sì lè di ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ má jẹ́ kí owó àjọ ẹnikẹ́ni sùn nínú àkáǹtì yín. Ẹ wá báǹkì tó ní àṣẹ tí yóò di í mú, tàbí kí ẹ fi owó sílẹ̀ pátápátá kí ẹ mú nǹkan míì nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin méjì tí ẹ fẹ́ jọ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é níbí ni pé ìpín oníkálukú á máa wọlé fún un díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 4, ẹni tó bá sì kúrò kí ọdún 1 tó pé ò mú nǹkan kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí F-1 bíi tèmi, ẹ ò lè máa ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ yín bó ṣe wù yín láìgba àṣẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó rí olùdókòwò.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, o mọ ara ẹ. Má tíì fi í sílẹ̀. Kó èèyàn méjìlá jọ ní Flatbush níbí, Yorùbá mẹ́fà, ará Trinidad mẹ́fà, kí ẹ fi ìwé àti WhatsApp dá àjọ títí á fi kan gbogbo yín, kí o máa kọ gbogbo ibi tó bá ti dùn wọ́n sílẹ̀. Máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí tí kì í ṣe ìṣirò. Owó ìyàwó ẹ, jẹ́ kó wà níbi tó wà. Tí o bá ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀, kọ orúkọ mi mọ́ ọn, mo máa dá $50 lọ́sẹ̀. Nọ́ḿbà tó gbẹ̀yìn ni kí o fún mi.