Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Àlàyé Lórí Bátìrì àti Pánẹ́ẹ̀lì Oòrùn fún Ọkọ̀ Tí A Fi Ṣe Ilé

Nígbà tí àwọn baba wa wí pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, eku ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ìtẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú òwe náà ni pé nínú ohun gbogbo tí ènìyàn bá fẹ́ kọ́, tàbí tí ó bá fẹ́ rà, tàbí tí ó bá fẹ́ gbé rù, ara ẹni tí yóò lò ó ni kí a ti mú òṣùwọ̀n, kì í ṣe ara ohun tí ojú rí lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ara ohun tí aládùúgbò rà tí ó fi ń yangàn. Bí ẹmọ́ bá kọ́ ìtẹ́ tí ó tó ti òkété, òtútù ni yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà lóru. Bí òkété bá sì fún ara rẹ̀ mọ́ ìtẹ́ èlírí, ìrù rẹ̀ tí ó kù síta ni ọdẹ yóò fi mú un. Àwọn kan a máa pa òwe yìí fún aláìní kí ó lè gba kádàrá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú u wò dáadáa yóò rí i pé òwe ìṣirò ni: ó ń dá ẹni tí ìtẹ́ rẹ̀ kéré jù lẹ́bi gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dá ẹni tí tirẹ̀ tóbi jù lẹ́bi.

Ibi tí a ó ti fi ọ̀rọ̀ náà wé iṣẹ́ òde òní ni Parakou, olú ìlú ẹ̀ka ilẹ̀ Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí Bààrìbá, Dẹ̀ńdì àti àwọn ọmọ Yorùbá ti jọ ń ná ọjà Arzèkè, ìlú tí ojú irin tí ó ti Kútọnu wá dé ní àwọn ọdún 1930 tí kò sì rékọjá rẹ̀ títí di òní. Nítorí pé ibẹ̀ ni ojú irin pin sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ẹrù ọkọ̀ ojú irin kalẹ̀ nígbà kan rí, tí wọ́n sì ń gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí Malanville àti ilẹ̀ Niger. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọkọ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn kan wà tí kò kó ẹrù ọjà kankan: àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Jámánì, Faransé àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù ni wọ́n fi wọ́n ṣe ilé, ibùsùn wà nínú wọn, ibi ìdáná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Wọ́n ti gba Mòrókò, Mọriténíà àti Senegal wá, ìlépa wọn sì ni gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn bá dé Parakou, ọwọ́ ìlà-oòrùn ni wọ́n ń yà sí, wọn a gba Nikki, ilé ọba Bààrìbá, ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin, wọn a sì gba ibodè Chikanda wọ ìpínlẹ̀ Kwara ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, iná tí èrò bá gbé dání ni iná rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wá ń da ẹni tí ó ń kọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàmú ni pé: bátìrì tí ó tóbi tó kí ni yóò tó mi, pánẹ́ẹ̀lì mélòó sì ni kí n tẹ́ sórí ọkọ̀? Èsì tí ó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kí á ra èyí tí owó bá ká. Èsì náà kò tọ̀nà, nítorí pé àpò kò mọ iye tí firíìjì ń jẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí onítọ̀hún jókòó pẹ̀lú ìwé àti kálámù, kí ó kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan tí yóò máa jẹ iná sílẹ̀, kí ó kọ iye wáàtì tí ó ń jẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti iye wákàtí tí yóò fi jẹ ẹ́ láti òwúrọ̀ kan dé òwúrọ̀ kejì, kí ó sì fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀. Ohun tí ó bá jáde ni wáàtì-wákàtí, òun náà sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ iye iná tí a jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Firíìjì kékeré tí ń lo fóòtì 12 a máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 45 nígbà tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá ń yí, ooru Parakou a sì máa mú kí ó yí tó ìdajì ọjọ́. Èyí jẹ́ wáàtì-wákàtí 540. Fáànù oníwáàtì 20 tí yóò máa fẹ́ sí wọn lára fún wákàtí 10 lóru jẹ́ 200. Gílóòbù mẹ́rin oníwáàtì 5, fún wákàtí 4, jẹ́ 80. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oníwáàtì 60, fún wákàtí 2, jẹ́ 120. Fóònù méjì jẹ́ 30, ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde fún ìwẹ̀ àti abọ́ fífọ̀ sì jẹ́ 15. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 985. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ka ìwé náà yóò rí i pé firíìjì nìkan gbé ju ìdajì lọ, àti pé ẹni tí ó ń pa gílóòbù kiri tí ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn firíìjì sílẹ̀ gbayawu ń fi ọwọ́ ọ̀tún jèrè, ó sì ń fi ọwọ́ òsì pàdánù.

Síbẹ̀, àpapọ̀ yìí kò tíì jẹ́ ìwọ̀n bátìrì, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní agbègbè Kalalé, ní ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn Parakou, nínú ẹ̀ka ilẹ̀ Borgou kan náà. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Solar Electric Light Fund gbé ẹ̀rọ ìfami tí oòrùn ń yí kalẹ̀ ní abúlé Bessassi àti Dunkassa, fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tí ń dá ọgbà ẹ̀fọ́. Iná tí ń yí ẹ̀rọ náà kò gba inú bátìrì kọjá rárá. Bí oòrùn bá ti là, omi a gòkè lọ sínú táǹkì, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ṣàn gba inú ọ̀pá tín-ín-rín dé ìdí ẹ̀fọ́, tí yóò máa kán díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú jù ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ̀fọ́ jù, ọjọ́ náà gan-an sì ni ẹ̀rọ ń fa omi jù. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ̀rọ a rọra fà, ẹ̀fọ́ náà kò sì ní béèrè púpọ̀. Ohun tí a bá lè ṣe lójú oòrùn kò nílò bátìrì. Ohun tí ó bá ń dúró de òkùnkùn nìkan ni ó nílò rẹ̀.

Bí a bá gbé ẹ̀kọ́ Kalalé wá sínú ọkọ̀ tọkọtaya wa, a ó rí i pé fóònù, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ omi ni a lè lò lọ́sàn-án, kí wọ́n máa jẹ iná tààrà láti orí òrùlé. Fáànù àti gílóòbù ni ti òru pátápátá. Firíìjì sì pín ara rẹ̀ sí méjì. Nítorí náà òru ń gba 550, ọ̀sán sì ń gba 435. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni oòrùn ń là bí ó ti ń là nínú oṣù Ọ̀pẹ, bátìrì tí ó lè gba òru kan ṣoṣo kọjá ìbá ti tó. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni Parakou ní, kò dà bí etí òkun tí ń ní méjì; bí ìgbà òjò náà bá sì dé àárín gbùngbùn rẹ̀, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ lè mọ́ kí ó sì ṣú láìjẹ́ pé oòrùn yọjú. Ẹni tí yóò sùn láìfòyà ní láti ṣírò òru kan, ọ̀sán tí kò rí oòrùn, àti òru tí ó tẹ̀ lé e: 550, 435 àti 550, àpapọ̀ wọn 1,535. Èyí ni ìwọ̀n ohun tí bátìrì yóò lè gbé sílẹ̀ fún wa.

Iye tí bátìrì lè gbé sílẹ̀ kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bátìrì olójé, tí Gaston Planté ará Faransé ṣe ní ọdún 1859, kò fẹ́ kí a máa fà á kọjá ìdajì. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, ẹni tí ó bá sì ń fa bátìrì olójé gbẹ lálaalẹ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi ru òkú rẹ̀ lọ fún àwọn tí ń ra òjé. Nítorí náà a ó ní láti rà á ní ìlọ́po méjì, 3,070, èyí tí ó sún mọ́ áńpíà-wákàtí 260 bí a bá fi fóòtì 12 pín in, ìwúwo rẹ̀ a sì tó kílò 75. Bátìrì lítíọ̀mù, èyí tí Goodenough, Whittingham àti Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 2019, gbà kí á lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Irú rẹ̀ tí a fi irin àti fọ́sífétì ṣe, tí ó gba áńpíà-wákàtí 150, yóò tó wa, ìwúwo rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́ta ti olójé náà. Owó rẹ̀ ga ju ti olójé lọ nígbà tí a bá kọ́kọ́ rà á, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Kí èrò má sì jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí ó ní ohun amúgbóná nínú, tí wọ́n ṣe nítorí yìnyín ilẹ̀ òyìnbó, fún un, nítorí pé òtútù ọyẹ́ Parakou, bí ó ti wù kí ó mú tó, kò dé ibi tí omi ti ń dì. Ooru ni ọ̀tá níbẹ̀: bátìrì olójé tí ó bá ń gbé nínú ooru tí ó fi ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì 10 ga ju 25 lọ lè pàdánù ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.

Bátìrì kò dá iná. Ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Pánẹ́ẹ̀lì ni ń dá a, iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n níbi ìwádìí, níbi tí ara rẹ̀ ti wà ní ìwọ̀n 25. Lórí ọkọ̀ ní Parakou nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ara rẹ̀ lè gbóná ju 60 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi ga ju 25 ń mú nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún agbára rẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀n 35 ti gba 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, ẹ fi èyí tí wáyà ń jẹ kún un. Ọlọ́gbọ́n yóò ka 70 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Nípa oòrùn fúnra rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa fún wa ní ohun tí ó tó wákàtí 5 sí 6 ìmọ́lẹ̀ kíkún lójúmọ́, ṣùgbọ́n nínú oṣù Ògún a máa rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi 4. Ohun ìyanu sì ni pé ní ìparí oṣù Ògún gan-an ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán lórí Parakou. Kùukùu ni kò jẹ́ kí á rí oore rẹ̀. Wákàtí 4 yìí ni kí a fi ṣírò, nítorí pé oṣù tí ó burú jù ni ń dán ilé wò. Bí a bá pín 985 sí ọ̀nà 4, tí a sì ṣírò ìdá 70 náà mọ́ ọn, nǹkan bíi wáàtì 352 ni yóò jáde. Pánẹ́ẹ̀lì méjì oníwáàtì 200 yóò ṣe é.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ẹ̀rọ kékeré tí ń gba iná láti ara rẹ̀, tí ó bá ń fún bátìrì ní áńpíà 30, ń gbé ohun tí ó sún mọ́ wáàtì-wákàtí 400 wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan; èrò tí ó bá sì fi ọjọ́ kan wa ọkọ̀ láti Kútọnu dé Parakou, tí ó ju 400 kìlómítà lọ, yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tí ó kún, ìbáà ṣe inú òjò ni ó ti bọ̀. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ lè dín pánẹ́ẹ̀lì kù. Ẹni tí yóò dúró sí ojú kan fún ọ̀sẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ dín in.

Ẹnìkan lè wí pé, ó sàn kí ó ṣẹ́kù ju kí ó má tó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti ṣẹ́kù. Pánẹ́ẹ̀lì ti di ohun tí kò wọ́n púpọ̀ mọ́, kò sì wúwo. Bí a bá fẹ́ fi nǹkan lé e, ibẹ̀ ni kí a fi í lé. Bátìrì wọ́n, ó sì wúwo, àti pé bátìrì olójé ńlá tí pánẹ́ẹ̀lì kékeré kò lè kún ní àkúnwọ́sílẹ̀ a máa kú láti inú wá, nítorí ebi àìyó. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́: bí tọkọtaya wa bá wí pé àwọn yóò máa fi ẹ̀rọ amúlétutù sùn, tí ó ń jẹ wáàtì 500 fún wákàtí 8, 4,000 ni wọ́n fi kún òru kọ̀ọ̀kan, bátìrì wọn yóò di ìlọ́po mẹ́fà, pánẹ́ẹ̀lì wọn yóò sì fẹ́ bo gbogbo òrùlé ọkọ̀. Fáànù, fèrèsé méjì tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, àti gáàsì fún oúnjẹ sísè, ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ owó kò lè ṣe.

Ìṣirò kan náà ni ó yẹ ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá. Télọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí lọ́sàn-án nílò pánẹ́ẹ̀lì ju bátìrì lọ. Olóńjẹ tí ọjà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú nílò bátìrì kí ó tó nílò ohunkóhun mìíràn. Kí oníkálukú mú ìwé rẹ̀ dání lọ sí ìsọ̀, kí ó ti ya ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára òru nínú rẹ̀. Bí oníṣòwò bá sì kọ́kọ́ béèrè iye owó tí ó mú wá, tí kò béèrè ohun tí yóò lò lóru, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọjá sí ìsọ̀ kejì.