Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Ọ̀nà Ìbàdàn

Reluwé kò dé Ìjẹ̀bú-Òde rí. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ń tẹ́ irin láti Èkó wọ òkè lọ, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà. Irin dé Abẹ́òkúta ní 1899, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì fi wá sílẹ̀ sápá kan. Ohun tó kù fún àwa Ìjẹ̀bú ni ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, orí àwọn aláàárù, lọ́rì nígbà tó yá, àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Lọ́rì ní ìtàn tirẹ̀, ọjà Èjìnrìn náà ní. Ti kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ti wá oúnjẹ wa.

Tíṣà ìjọ ni bàbá mi. Abúlé kan nítòsí Mámù, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ni wọ́n gbé e lọ, àwa àti ìyá wa sì wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kẹ̀kẹ́ Rálè ló ní, dúdú, tó ní agogo àti dáìnámò tó ń fara gbo táyà kí iná tó tàn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe: wolé-wolé, akọ̀wé kóòtù, ẹni tó ń pín lẹ́tà, ẹni tó ń wọn kòkó, orí kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn wà. Ìjọba ìbílẹ̀ a máa gba owó láísẹ́nsì lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún, wọn a sì fún wọn ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń so mọ́ ara kẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n kí kẹ̀kẹ́ tó wá bá wa, igbó wa ti kọ́kọ́ lọ bá a. Ní 1885 ni J. K. Starley ṣe kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní Coventry, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí èyí tí a mọ̀ lónìí. Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní Belfast, fi rọ́bà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń wá rọ́bà kiri. Oṣù karùn-ún 1892 sì ni àwọn ọmọ ogun Gómìnà Carter ṣẹ́gun wa ní ogun Ìmàgbọ̀n, tí ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ti fi ọwọ́ líle ṣọ́ fún ìgbà pípẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rọ́bà, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Gold Coast, ya wọ igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń ṣá igi ìrẹ́ lára láti gba oje rọ́bà. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Wọ́n ṣá a títí igi fi kú. Kí ọ̀rúndún náà tó yí, ìrẹ́ ti di ọ̀wọ́n, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀; igbó Mámù wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà. Etí igbó yìí gan-an ni bàbá mi ń gbà kọjá lórí táyà méjì tó ti ìlú òyìnbó dé. Mi ò lè rí ọ̀nà yẹn kí n má rántí igi ìrẹ́.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn lé ní 60 kìlómítà. A ó gba Òrù, a ó gba Àwà, a ó gba Mámù àti Ìdí-Ayunrẹ́. Bàbá mi a máa lọ dé Ìbàdàn nígbà mìíràn láti ra ìwé àti ṣọ́ọ̀kì fún ilé ìwé. Kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun nílé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọlọ́wọ́ gígùn ló ń wọ̀, akẹtẹ̀ tó fi okùn so mọ́ àgbọ̀n ló ń dé, á sì fi irin há ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kí ṣéènì má baà fà á ya. Ìgò omi rẹ̀, àkísà tó rẹ sómi ló fi ń wé e. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ lù ú, omi inú rẹ̀ á máa tutù. Gààrí Ìjẹ̀bú wà nínú àpò kékeré kan, gbígbẹ, kíkan, pẹ̀lú ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀. Kò fẹ́ ṣúgà nínú gààrí ojú ọ̀nà. Iyọ̀ ló ń bá òógùn lọ, iyọ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ padà.

Ó mọ oòrùn yàtọ̀ sí oòrùn. Lásìkò ọyẹ́, òógùn ń gbẹ kí ojú tó rí i, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ á rò pé òun kò pàdánù nǹkan kan, títí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ fùrúfùrú. Tí a bá dé oṣù Ẹrẹ́nà, tí òjò ń ṣú tí kò rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìyà tibẹ̀: òógùn ń dà wàràwàrà, kò gbẹ, ara kò sì tutù. Èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ooru yẹn lè da omi tó ju lítà kan lọ láàrin wákàtí kan. Atẹ́gùn tí ìrìn ń dá lójú ọ̀nà kì í jẹ́ kó mọ̀. Ìgbà tó bá dúró ni ooru á dé bá a gbì. Ohun tí bàbá mi tẹnu mọ́ jù lọ fún wa nìyí: bí òtútù bá mú ọ nínú oòrùn, tí ara rẹ sú hòrò, sọ̀ kalẹ̀, wá ìbòòji, má wa ẹsẹ̀ kan sí i.

Lásìkò ọlidé ó máa ń gbé mi sí kárià. Lọ́jọ́ kan nítòsí Àwà, oòrùn kàntàrí, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àlẹ̀mọ́ àtijọ́ kan lára tíúbù ló ti yọ̀, torí ilẹ̀ gbóná janjan. Bàbá mi dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíbí méjì tú táyà, ó fa tíúbù jáde bí ìfun ẹran. Obìnrin kan jáde láti ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó bu omi láti inú àmù rẹ̀ sínú igbá fún wa. “Tíṣà, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀.” “Ẹ ṣeun, ìyá.” Ó ri tíúbù bọ omi, ibi tó ń hó ló fi ìka dí. Ó nù ún gbẹ, ó fi yanrìn ha á, ó fi sólúṣọ̀n pa á, ó sì dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ mọ́ kó tó gbé rọ́bà lé e, tó fi òkúta lù ú. Kò fún un ní afẹ́fẹ́ kún. Ó ní ọ̀sán ṣì ń pọ́n, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ṣì wú fúnra rẹ̀. Abẹ́ òrùlé obìnrin yẹn ni a ti mu gààrí títí oòrùn fi yẹ̀.

Lákòókò tí irú àwọn bàbá mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ọmọ Yorùbá kan gbé tirẹ̀ dé ibi tí aráyé kò rò. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá, tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ó lé ní 2,000 máìlì, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀. Aṣọ wa ló ń wọ̀ lọ, ó ń dúró bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí ọmọ Áfíríkà jẹ́. Títí dòní, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé, Àjàlá là ń pè é. Ó yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ kọ́ ọmọ olóko ní ABD nínú oòrùn Ẹrẹ́nà kò ní orúkọ lẹ́nu ẹnì kankan.

Ní ti rọ́bà, ó padà wálé. Chief Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1902, tó ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó di oníṣòwò, gbé ilé iṣẹ́ kalẹ̀ nílùú wa lẹ́yìn òmìnira, táyà àti tíúbù kẹ̀kẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùpèsè ọjà ní Nàìjíríà ní 1971. Ohun tí wọ́n fi igi wa ṣe nílùú òyìnbó, ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe é ní Ìjẹ̀bú. Fún mi, èyí ju gbogbo ilé alárà tó wà ní ìgboro lọ.

Nígbà tí owó epo dé, alùpùpù gba ojú ọ̀nà, ọ̀kadà sì tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ di ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Láwọn òwúrọ̀ Sátidé mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó dé akoto, tí wọ́n ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn. Inú mi ń dùn sí wọn. Àmọ́ àmù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò sí mọ́, wọ́n ti gé púpọ̀ nínú àwọn igi ìbòòji, àwọn tírélà kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi ọdún Ojúde Ọba, àwọn ọmọ Balógun a máa gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, àwọn régbérégbé a sì máa jó kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́. Mo ń bẹ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ pé kí wọ́n fún kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní àyè kan láàrin wọn. Ẹni tí Rálè bàbá rẹ̀ bá ṣì wà ní àjà, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀, kó fi epo sí ṣéènì rẹ̀, kó wá irin láísẹ́nsì rẹ̀ tì í lára. Bí wọ́n bá gbà, èmi ni n óò kọ́kọ́ gbé ti tíṣà dé.