Oníbodè Tàbí Aláàárù: Orúkọ Wo Ló Yẹ Àwọn Tó Ń Ta Dátà?

Nínú ìròyìn Yorùbá, "olùpèsè" la sábà máa ń pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́run ni. Olùpèsè la máa ń ké pè nínú àdúrà nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bá wọlé dé, tí àpò sì ti gbẹ. Ẹni tó pèsè ló ni ohun tó pèsè. Oore ló ṣe, a kì í sì í bi olóore pé kí ló dé tó fún Lágbájá ju Tàmẹ̀dò lọ. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló ṣe fídíò tí à ń wò, òun kọ́ ló kọ ìròyìn tí à ń kà, ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó wà ní London ń bá wa sọ lórí WhatsApp kò sì ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó bá wa gbé e kọjá ni, ó sì gba owó rẹ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ ti gbèjà rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ ọ̀hún ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní net neutrality. Tim Wu, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2003. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò le: ṣé ẹni tó ni wáyà lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ohun tó ń gba inú wáyà kọjá wò, kó jẹ́ kí ti ẹnì kan sáré, kó dá ti ẹlòmíràn dúró, kó sì gba owó lọ́tọ̀ kó tó yọ̀ǹda fún ẹnì kẹta? Ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ló le. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mú yóò sọ pé "àìdásí", tàbí "dídúró láàárín". Àìdásí kì í ṣe ìwà tí a ń yìn. Ẹni tí ìjà ṣojú rẹ̀, tí kò là á, aláìdásí ni. Kò sì sí ẹni tó ń bẹ íntánẹ́ẹ̀tì pé kó má dá sí nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ là ń bá wí, ẹ̀bẹ̀ tí à ń bẹ̀ ẹ́ sì ni pé kó má ṣe ojúsàájú. Ojúsàájú! Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, láti ilé olórogún títí dé ibi tí wọ́n ti ń to ìlà gbàwé ní sẹkitéríátì tó wà l'Ókè-Mósàn. Ibẹ̀ ni kí a ti mú un.

Ó wá ku ẹni tó ń ṣe ojúsàájú náà. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, a ní orúkọ rẹ̀ nílé: oníbodè.

Abẹ́òkúta jókòó lé ọ̀nà tí epo pupa, ekùrọ́ àti òwú ń gbà lọ sí Èkó, odò Ògùn sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀nà yẹn mú, owó ló dì mú. Ní 1865, G. W. Johnson, télọ̀ tó ti Sàró dé, kó àwọn èèyàn jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Egba United Board of Management, gbígba owó lórí ẹrù tó ń lọ sí Èkó sì wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ gbájú mọ́. Glover tó ń ṣàkóso Èkó kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1892, àwọn Ẹ̀gbá ti ọ̀nà pa mọ́ Èkó. Oṣù Kìíní ọdún 1893 ni wọ́n tó bá Carter, Gómìnà Èkó, tọwọ́ bọ̀wé pé ọ̀nà yóò là fún ọlọ́jà. Nígbà tí Egba United Government sì dé ní 1898, owó ibodè ni ìjọba náà fi ń jẹun.

Oníbodè inú ìtàn yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di èébú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bi ọ́ pé kí lo rù, níbo lo ń lọ, ọmọ ta ni ọ́. Owó tó gbà, ìlú ń ná an. Ṣùgbọ́n gbogbo aráyé mọ̀ pé ó lágbára láti jẹ́ kí ẹrù ẹnì kan kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ti ẹlòmíràn sì sùn sójú ọ̀nà. Agbára yìí gan-an ni à ń jà lé lórí lónìí. Ẹlòmíràn tún wà lójú ọ̀nà kan náà, ìyẹn aláàárù. Aláàárù kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Bí ó ṣe wúwo tó àti bí ibi tí ó ń gbé e lọ ṣe jìn tó ló fi ń dá owó lé e. Bóyá àgbàdo ni o, bóyá àdìrẹ ni o, kò kàn án.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe bá ẹjọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà mu. Ìbéèrè tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ níwájú àjọ FCC tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ wọn ni pé ṣé common carrier ni ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àbí òun kọ́. Kí ni common carrier bí kò ṣe aláàárù gbogboògbò, ẹni tí kò gbọdọ̀ kọ ẹrù ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó? Ní 2015, FCC ní aláàárù ni wọ́n. Ní oṣù Kejìlá 2017, lábẹ́ alága wọn, Ajit Pai, wọ́n ní wọn kì í ṣe aláàárù. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n tún sọ wọ́n di aláàárù, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fagi lé e ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2025. Láàárín ọdún mẹ́wàá, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà yí padà lẹ́ẹ̀mẹrin, wáyà rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká pe ilé-iṣẹ́ yìí ní oníbodè nígbà tí à ń sọ ohun tí apá rẹ̀ ká, ká sì fi aláàárù sílẹ̀ fún ohun tí òfin fẹ́ sọ ọ́ dà. Net neutrality alára, "àìṣojúsàájú oníbodè" ni n óò máa pè é.

Ẹni tó bá gba oníbodè wọlé yóò rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú throttling, ìyẹn kí ilé-iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ dín eré dátà kù. Bí ẹnì kan bá túmọ̀ rẹ̀ sí "fífún lọ́rùn", ẹni tó gbọ́ ọ yóò sá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí èèyàn ń sọ ní Pánṣẹ́kẹ́ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, tàbí pé ó kàn ń yí, ó ń yí. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn dára fún ìrora oníbàárà, àmọ́ wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ òjò, ó lè jẹ́ pé díísù tán nínú jẹnẹrétọ̀ òpó. Ní 2007, wọ́n ká Comcast mọ́ ọn ní Amẹ́ríkà pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ dá àwọn tó ń lo BitTorrent lọ́wọ́ kọ́. Ìyẹn kì í ṣe òjò. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́: ohun kan lè máa falẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì lè máa fi í falẹ̀. "Fi" kékeré yẹn ti fa ọ̀daràn jáde. Ìfifalẹ̀ ni kí á máa pe throttling.

Ti blocking, ọdún 2021 kọ́ wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún náà, Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, kéde pé ìjọba dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ pé àjọ NCC tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ti pàṣẹ fún àwọn, wọ́n sì tì í. Títí di oṣù Kìíní 2022 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn kọ ọ́ pé ìjọba "fòfin de" Twitter, wọn kò sì parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Abuja ló fòfin dè é. Oníbodè ló ti ìlẹ̀kùn. Bí ìròyìn bá da méjèèjì pọ̀, a kò ní mọ ẹni tí a óò bi pé ìwé àṣẹ wo lo rí kí o tó tì í. Àwọn tó ń lo VPN láti wọ ibi tí a tì ńkọ́? Malami tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ lọ sílé ẹjọ́. Àwa tí Ìdíròkó, ìlú ẹnubodè, wà ní ìpínlẹ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ tí yóò wá sí èèyàn lọ́kàn: fàyàwọ́. Èmi kò ní lò ó. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni VPN. Olè lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìyàwó ilé tó ń lọ sóko náà lè gbà á.

Èyí tó ṣòro jù fún mi ni zero-rating, nítorí pé adùn ló fi ń wọlé. Ní oṣù Karùn-ún 2016, Facebook àti Airtel gbé Free Basics wá sí Nàìjíríà: àwọn ojú-ewé kan wà tí o lè ṣí láìra dátà. Íńdíà ti kọ irú rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà. A pè é ní ọ̀fẹ́, a dúpẹ́. Lónìí, ilé-iṣẹ́ fóònù ń ta dátà tó jẹ́ ti WhatsApp nìkan ní owó pọ́ọ́kú. Ìyá tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú lè fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ síbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá bá a ṣí ojú-ewé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà tó ra dátà WhatsApp kò ní lè wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn o. Owó ibodè ni wọ́n dín fún ọ̀nà kan, gbogbo ẹsẹ̀ sì ya síbẹ̀. Mo gbé "èènì" wò, kò bá a mu: ẹni tó rajà ló ń gba èènì, ọwọ́ ẹni tó ta á fún un ló sì ti ń gbà á. "Ìyọ̀ǹda owó ibodè" gùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí á rántí pé ibodè ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ kò jẹ́ kí á rí i.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí n kò fọwọ́ kan dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ti di tiwa ni. "Ayélujára" dára nínú ìwé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dé ọ̀dọ̀ oníkáàdì ní Kútọ̀ pé kó ta ayélujára fún òun. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859, ó pè é ní Ìwé Ìròhìn, ọ̀rọ̀ méjì tí ará ọjà ti ní lẹ́nu. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣe bẹbẹ fún èdè àti lítíréṣọ̀; n kò tíì rí irú rẹ̀ fún òfin wáyà. Ìlànà ìṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí NCC gbé jáde ní 2019, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́.

Gbólóhùn kan ṣì kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Òfin Amẹ́ríkà ti 2015 àti ti ilẹ̀ Yúróòpù ọdún kan náà gbà fún ilé-iṣẹ́ láti darí ohun tó ń gba orí wáyà kọjá bí ó bá jẹ́ reasonable. "Tó bọ́gbọ́n mu" ni ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n ta ni? Lọ́jọ́ ọdún Lísàbí, tí èrò bá kún fọ́fọ́, tí oníkálukú ń fi fídíò ránṣẹ́, ó tọ́ kí oníbodè dín fídíò gbogbo èèyàn kù kí ìpè lè wọlé. Òfin Yúróòpù fi ààlà sí i: bí ọ̀nà bá dí, tàbí tó bá ti fẹ́ dí, kí ẹrù tó jọra gba ìyà kan náà. Nítorí náà, n kò ní túmọ̀ reasonable rárá. "Dídarí èrò lọ́jọ́ tí ọ̀nà kún" ni n óò kọ. Bí ọ̀nà bá ti fúyẹ́, tí ọwọ́ oníbodè ṣì wà lórí ẹrù, ìfifalẹ̀ ni.