Igbó Ọmọ: Erin, Ọdẹ àti Àgbẹ̀ Tó Ń Du Ilẹ̀ Kan Náà

Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgàndò, ilé ló kan ilé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó lé ní 1,270,000 síbẹ̀, òun ni èrò rẹ̀ sì pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹgbẹ́dá lè dàgbà di géńdé kó má fojú kan erin rí, àfi nínú ìwé àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì mọ̀ ni pé erin ṣì wà ní ilẹ̀ Yorùbá títí di òní. Kì í ṣe erin inú ọgbà ẹranko o, erin inú igbó gidi ni, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Èkó ju nǹkan bíi kìlómítà 135 lọ. Inú Igbó Ọmọ ni wọ́n wà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Odò Ọmọ tó la igbó náà kọjá ló fún un lórúkọ. Apá kan Igbó Ṣáṣá àtijọ́ ni, ọdún 1925 sì ni ìjọba òyìnbó fi òfin yà á sọ́tọ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,300 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ní ọdún 1946, wọ́n tún yọ hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ láàárín rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti gé igi tàbí dá oko rárá. Nígbà tó di ọdún 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ Ọmọ mọ́ ara àwọn igbó tí gbogbo ayé ń mójú tó. Irú igbó tí UNESCO ń kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ipele mẹ́ta: àárín gbùngbùn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àyíká tó dáàbò bò ó, àti eteetí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn ti wà nínú ètò náà.

Kì í tilẹ̀ ṣe nítorí ẹranko ni ìjọba òyìnbó ṣe ya irú igbó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà náà. Nítorí gẹdú ni. Igi ìrókò, ọ̀gànwó àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń tọ́jú, kí wọ́n lè máa gé wọn tà ní ìwọ̀nba. Nígbà tó yá, ìjọba gbin igi gmelina, tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà, sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an níbẹ̀, pẹ̀lú èrò pé yóò di èròjà fún ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwópin. Ilé iṣẹ́ náà kò rọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe rò, ṣùgbọ́n igi ti wà nílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n lò fún gbíngbìn rẹ̀. Ìjọba fún wọn láyè láti gbin àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ sáàárín àwọn igi kéékèèké náà fún ọdún díẹ̀, títí tí òjìji igi yóò fi bo oúnjẹ mọ́lẹ̀. Taungya ni wọ́n ń pe ètò yìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó yá láti ilẹ̀ Burma.

Iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú iṣẹ́ agégi, ló kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ inú igbó. Wọ́n tẹ abúlé dó, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Àwọn ibùdó kan ń jẹ́ J1, J3 àti J4 títí di òní, orúkọ tó bá àwòrán ilẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mu ju ti ìlú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò nínú Igbó Ọmọ gbọ́dọ̀ rántí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló pe àwọn kan wọlé.

Àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ìnàkí wà níbẹ̀, ọ̀bọ oríṣiríṣi àti akika náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n erin ni olórí ọ̀rọ̀. Erin igbó kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú erin ọ̀dàn tí a sábà máa ń rí nínú fíìmù. Ó kéré sí i, etí rẹ̀ rí roboto, eyín rẹ̀ tọ́, ó sì dojú kọ ilẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ka erin méjèèjì sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi erin igbó sí ipò àwọn tí ìparun wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìṣirò àjọ náà ni pé erin igbó ti dín kù ní ohun tó lé ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 31.

Ohun tó mú kí àdánù náà ṣòro láti dí ni pé erin igbó kì í tètè bímọ. Oṣù méjìlélógún ni oyún rẹ̀. Ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Central African Republic fi hàn pé abo erin lè ju ọmọ ogún ọdún lọ kó tó bí àkọ́bí, ó sì lè tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó tún bí òmíràn.

Yorùbá ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Nínú igbó ńlá bí Ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà díẹ̀, nítorí ipa ẹsẹ̀ erin àti imí rẹ̀ ni ènìyàn sábà máa ń rí, kì í ṣe erin fúnra rẹ̀. Imí àti kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ ara igi ni àwọn onímọ̀ fi ń tọpasẹ̀ irú erin yìí. Imí kan náà ló sì ń gbin igbó. Erin a jẹ èso òro, igi tí a ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọ̀n, a sì yà á sí ibi tó jìnnà sí ìyá igi.

Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ni àjọ tó gbajúmọ̀ jù lórí iṣẹ́ ààbò yìí. Àwọn ará Èkó mọ̀ ọ́n mọ́ ọgbà Lẹ́kí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Ní Ọmọ, ohun tí àjọ náà ṣe yàtọ̀ sí kí wọ́n kàn gbé òfin kọ́gi: àwọn ọdẹ abúlé ni wọ́n gbà síṣẹ́ aṣọ́gbó. Ẹni tó ti ń dọdẹ láti kékeré mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà, ó mọ ibi tí wọ́n ń dẹ pàkúté sí, ó sì mọ ìró ìbọn lókèèrè. Ìmọ̀ kan náà tó ń pa ẹran ni ó ń dáàbò bò ó, owó oṣù ló sì rọ́pò owó ẹran ìgbẹ́. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹni tí aṣọ́gbó máa mú lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n jọ dọdẹ lánàá, wọn kò sì pọ̀ tó láti ká igbó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ni ọ̀tá tó le jù. Kòkó ni. Ní ọdún 2023, àwọn oníròyìn Associated Press wọ inú igbó náà, wọ́n sì tọpasẹ̀ kòkó tí wọ́n gbìn síbi tí òfin kà léèwọ̀ títí dé ọwọ́ àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó ti kọjá 12,000 dọ́là ní ọjà New York, kó tó wálẹ̀ ní ọdún 2025. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti ṣá, tó sì rí igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ràá, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Igi tó bá gé ni ilé erin, erin náà a sì wá jẹ oko rẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ gbèsè ara wọn.

Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ tí kò lè fi ojú ilẹ̀ oko rẹ̀ hàn lórí àwòrán yóò pàdánù oníbàárà.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní igbó Pendjari. Àwọn ará abúlé tó yí igbó ká ní ẹgbẹ́ tiwọn, AVIGREF, tí wọ́n máa ń fún tẹ́lẹ̀ ní apá kan nínú owó tí àwọn ọdẹ àlejò san, kí wọ́n lè fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Ó ya ènìyàn lẹ́nu pé ní Ọmọ, iṣẹ́ olówó oṣù fún àwọn aṣọ́gbó ni àǹfààní tó hàn gbangba jù tí igbó fi ń dé ilé ará abúlé.

Èkó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù gba ìpẹ́ akika tó lé ní tọ́ọ̀nù méje àti eyín erin tó lé ní 800 kìlógíráàmù ní Lẹ́kí. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú àǹfààní láti san owó ìtanràn.

Gẹdú tí ìjọba fọwọ́ sí gígé rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ igbó máa ń fi òòlù tẹ àmì sí ní ìdí. Bí wọ́n bá ti là á sí pákó, àmì náà kò sí mọ́. Ẹni tó ń ra pákó òrùlé ní Ìkọ̀tún kò ní ọ̀nà láti mọ igbó tó ti wá.