Ajá Tí Wọ́n Pa Kò Lè Jẹ́rìí

Ní àgbàlá tí mo dàgbà sí ní Treichville, a ní ajá pupa kan tí etí rẹ̀ kan ti ya. Ìyá tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń fún un ní oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé ló ń bá a sùn lóru. Àwa ọmọdé la ń bá a sáré kiri. Bí àlejò bá bèèrè ẹni tó ni ín, ẹ̀rín la máa ń rín.

Lọ́jọ́ kan, ajá yìí bu àbúrò mi ọkùnrin jẹ lẹ́sẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọkùnrin àgbàlá ti fi igi lù ú pa, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ jù sínú ọ̀sà. Gbogbo wa gbà pé ewu ti kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi mú àbúrò mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gún ẹni tí ajá bù jẹ lábẹ́rẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n kò kan ẹsẹ̀ ọmọ rárá. Ó ní, "Màmá, ajá náà ńkọ́?" Màmá mi ní wọ́n ti pa á. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó sì kọ gbogbo abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó ọjà ni màmá mi fi san án. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì fi mi orí.

Ìdí náà rèé. Inú itọ́ ni kòkòrò àrùn dìgbòlugi ń gbé jáde. Bí ajá bá ti bu ènìyàn jẹ, kòkòrò náà á máa tọ iṣan ìmọ̀lára lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù. Àmọ́ tí àmì rẹ̀ bá ti yọ, tí omi bá ti ń ba aláìsàn lẹ́rù, ó ku díẹ̀ kó máà sí ẹni tó ń bọ́ níbẹ̀. Ti ajá yàtọ̀ díẹ̀: bí àrùn náà bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ, òun fúnra rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kó tó kú. Nítorí náà, ajá tó wà láàyè, tó sì le koko lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ti jẹ́rìí pé itọ́ òun mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, wọn kì í dúró de ajá; ṣùgbọ́n tí ajá bá jẹ́rìí ire, wọ́n lè dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ní Côte d'Ivoire, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ṣọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹranko á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, á sì kọ ìwé ẹ̀rí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá kú kí ọjọ́ tó pé, orí rẹ̀ ló yẹ kó dé ilé àyẹ̀wò àrùn ẹranko tó wà ní Bingerville. Ajá tiwa kò ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀sà. Àwa fúnra wa la pa ẹlẹ́rìí.

Ibo ni àṣà pípa yìí ti wá? Àwọn baba wa mọ àrùn náà tipẹ́tipẹ́. Létí mi, orúkọ tí wọ́n fún un, dìgbòlugi, dún bí ajá tó ń sáré kiri tó ń fi ara kọlu igi. Wọ́n mọ̀ pé irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sún mọ́, wọn kò sì ní ohun mìíràn ju igi àti àdá lọ. Àwọn aláwọ̀ funfun náà kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Òfin ilẹ̀ Faransé ti oṣù Keje ọdún 1881 lórí àrùn ẹranko sọ pé kí wọ́n pa ẹranko tí dìgbòlugi bá mú lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1882, ìlànà mìíràn ní kí ajá tó bá jáde síta ní ìgbànú lọ́rùn tí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀; èyí tí kò bá ní, wọ́n lè mú un, kí wọ́n sì pa á. Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur tó fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní abẹ́rẹ́. Òfin pípa ti ṣáájú oògùn.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1915 ni Faransé gbé òfin àrùn ẹranko kalẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Côte d'Ivoire gba òmìnira ní ọdún 1960, kò pẹ́ tó fi ṣe tirẹ̀, ní ọdún 1963.

Ẹ jẹ́ ká wá wo irú ibi tí òfin náà bá. Anoumabo ni wọ́n ń pe Treichville tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Abidjan di olú-ìlú ní ọdún 1934, Plateau ni àwọn aláwọ̀ funfun mú fún ara wọn. Treichville, ní òdìkejì ọ̀sà, di ti àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó wá láti Upper Volta, Sudan ti Faransé, Dahomey àti Nàìjíríà. Àwọn ará Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa wà lára wọn. Àgbàlá kan, yàrá yí i ká, ìdílé mẹ́wàá, ẹ̀rọ omi kan: èyí ni wọ́n ń pè ní cour commune. Ajá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ajá ìgboro, nítorí ó mọ ilé, ó sì mọ ènìyàn. Kò sì ní ẹnì kan tí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgbànú. Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ajá Treichville lẹ́ni lẹ́yìn. Ogún ènìyàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ló ń wá ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn lè sọ pé òfin líle ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Lóòótọ́ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdínu ajá àti ìsémọ́ ajá tó ń ti òkèèrè bọ̀ lé dìgbòlugi lọ ní ọdún 1902, kò fún ajá kankan lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n erékùṣù ni, ó sì ní ọlọ́pàá tó lè wo ẹnu ajá kọ̀ọ̀kan. Ibi tó jọ tiwa ni N'Djamena, olú-ìlú Chad. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn sanwó abẹ́rẹ́ ajá wọn, ìwọ̀nba ló jáde. Ní ọdún 2012 àti 2013, wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú náà, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè. Àrùn náà dáwọ́ dúró fún oṣù mélòó kan kó tó tún ti ẹ̀yìn ìlú wọlé. Mexico náà gba ọ̀nà abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019 ó di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí Àjọ náà jẹ́rìí sí pé ajá kò fi dìgbòlugi pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Pípa ajá kiri kò ṣe èyí rí. Bí ẹ bá pa ti àgbàlá yìí, òmíràn á wá jẹ ìyókù oúnjẹ lọ́la, ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ rí.

Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi ọdún 2030 ṣe àfojúsùn pé kí ó dópin. Ní Treichville, abẹ́rẹ́ ènìyàn kò jìnnà sí wa: àdúgbò wa gan-an ni Institut National d'Hygiène Publique wà. Abẹ́rẹ́ ajá ni kì í dé àgbàlá.

Ohun tí mo ń béèrè kò tóbi. Kí ìlànà kọ orúkọ àgbàlá sílẹ̀ níbi tí kò bá ti rí orúkọ olájá. Kí olórí àgbàlá máa tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ ajá bó ṣe ń tọ́jú ìwé owó iná. Kí dókítà ẹranko wọ inú àgbàlá wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó lè kó ènìyàn jọ fún ìsìnkú lè kó ajá jọ fún abẹ́rẹ́. Bí ajá bá sì bu ọmọ jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kí a so ajá mọ́lẹ̀ láàyè.

Mo padà sí àgbàlá náà lọ́dún tó kọjá. Ajá mìíràn ti wà níbẹ̀, dúdú ni. Mo bèèrè ẹni tó ni ín. Ọmọdé kan ní, "Àwa ni, àǹtí." Mo bèèrè ẹni tó mú un lọ gba abẹ́rẹ́. Wọ́n wo ojú ara wọn.