Ìdánwò Ojúlówó Ṣílè Fàdákà

Ní ọdún 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣílè fàdákà alámì ọ̀pẹ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí fàdákà gbówó lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é ní 1920, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ìwọ̀n ṣílè fàdákà tuntun jẹ́ gíráàmù 5.65. Bí ó ti ń ti ọwọ́ oníkòkó bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́jà ni ojú rẹ̀ ń gbó, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ń dín. Èyí tí ó fúyẹ́ tí ojú rẹ̀ kò sì gbó, ó yẹ kí a fura sí i. Ẹni tí ó bá fi yanrìn fọ̀ ọ́ kí ó lè dán ti pa ẹ̀rí yìí rẹ́. Ògbólógbòó tí ó dúdú sàn fún onítàn ju èyí tí ó ń dán tí kò lè jẹ́rìí mọ́ lọ.