Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ìtàn kábéèjì láti òkè Jọ́ọ̀sì dé Agége

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn mẹ́ta ló bi wá ní ìbéèrè kan náà: "Ọ̀gá agíríìkì, kábéèjì wo ni ká gbìn tí yóò dì kí Kérésì tó dé?" A lè fi orúkọ kan ṣoṣo dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ẹni tí a bá sọ orúkọ irúgbìn fún láìsọ ìdí rẹ̀, tó bá dé ṣọ́ọ̀bù tí kò rí orúkọ yẹn, èyí tí wọ́n bá gbé fún un ló máa rà. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ká sọ ìtàn díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí kábéèjì ti wá, á mọ èyí tó yẹ kó rà, kódà bí orúkọ ara páálí bá yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí a dúró sí.

Kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó gba Ìkẹjà àti Agége, oko ni gbogbo ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Captain J. P. L. Davies dá oko kòkó sí Ìjàn, nítòsí Agége. Lẹ́yìn rẹ̀, Jacob Kehinde Coker dá oko ńlá tirẹ̀ sí Ifákọ̀. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Agege Planters' Union. Ọ̀pọ̀ lébìrà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló mú ìmọ̀ kòkó padà sí ìlú wọn. Obì náà ń bẹ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó ní 1896, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Agége kọjá. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Kánò, obì Agége sì ń bá a gòkè Ọya. Òwò obì yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ Haúsá fi Agége ṣe ilé, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ wo ohun kan níbẹ̀. Kòkó máa ń lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so. Obì lè lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ Agége ayé ọjọ́un lè gbin igi kí wọ́n sì dúró dè é, torí pé ilẹ̀ wà, ilẹ̀ náà sì ń dúró dè wọ́n.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1955 sí 1960, tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ní 1967 wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ní 1976 Ìkẹjà di olú-ìlú rẹ̀. Ilé ń pọ̀ sí i, oko ń dín kù. Àgbẹ̀ tó kù sí àdúgbò wa lónìí, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló wà, tàbí ẹ̀gbẹ́ kánààlì, tàbí abẹ́ wáyà iná ńlá, tàbí orí ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì rí owó kọ́. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá já yanrìn sílẹ̀, oko parí nìyẹn. Àwọn Coker lè fi ọdún ka irè oko tiwọn. Ọjọ́ ni àwa fi ń ka tiwa. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, a ó padà sí i.

Ó wá kan kábéèjì fúnra rẹ̀.

Kábéèjì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ olóoru. Ilẹ̀ òtútù ní Yúróòpù ló ti wá, àwọn orúkọ àtijọ́ tó wà lára agolo irúgbìn sì ń sọ ọ́ fúnra wọn. Copenhagen Market: Copenhagen ni olú-ìlú Dẹ́nmákì. Brunswick: ìlú kan nìyẹn ní Jámánì. Glory of Enkhuizen: Enkhuizen jẹ́ ìlú àwọn oníṣòwò irúgbìn ní Nẹ́dálándì. January King: January tí orúkọ yẹn ń sọ, oṣù òtútù ni lọ́dọ̀ wọn, ìgbà tí omi ń dì. Ẹni tó bá ka orúkọ wọ̀nyí dáadáa ti mọ irú ojú ọjọ́ tí wọ́n bí wọn sí.

Ojú ọjọ́ tí kábéèjì fẹ́ràn jù láti fi dì kò ju 15°C sí 20°C lọ. Bí ara bá tù ú, àwọn ewé inú á máa ká wọlé, ọ̀kan á máa bo ọ̀kan, títí á fi le bí òkúta. Bí ooru bá mú un, ewé á tẹ́ sílẹ̀, tàbí kó dì lẹ́rọ̀, tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, á rì. Ìkẹjà wa yìí ńkọ́? Ìwọ̀n ooru wa, tọ̀sán-tòru, sún mọ́ 27°C. Kódà nígbà ọyẹ́, òru nìkan ló ń tù díẹ̀, ọ̀sán ṣì ń jó.

Báwo wá ni kábéèjì ṣe dé orí àwo wa? Ọ̀nà méjì ni ìtàn fi hàn wá.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gbé kábéèjì lọ síbi tí òtútù wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn òyìnbó ya lọ sí òkè Jọ́ọ̀sì nítorí táǹganran. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju ìpele òkun lọ ní 1,200 mítà, ara sì ń tu èèyàn níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ ilé wọn, wọ́n rí i pé ó ń ṣe dáadáa, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òwò táǹganran rọlẹ̀, àwọn kòtò tí wọ́n ti wa á di adágún omi. Àwọn àgbẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìfami síbẹ̀, wọ́n sì ń fi omi rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí, kábéèjì ńlá tí ẹ̀yin ìyá wa ń bọ́ ewé ara rẹ̀ ní Mile 12, òkè yẹn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ó wúwo, ó dì gbagidi, ó ń fara da ìrìn. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, àti èyí tó jẹrà lójú ọ̀nà. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà Jọ́ọ̀sì lálẹ́, àárọ̀ ni onísàláàdì Agége máa gbọ́ iye tuntun.

Ọ̀nà kejì ni pé wọ́n yí kábéèjì padà kó lè bá ilẹ̀ olóoru mu. Àwọn ará Jàpáànù ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ yìí. Òtútù wà nílùú wọn, ṣùgbọ́n ìgbà ooru tiwọn náà le púpọ̀, ọ̀rinrin sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ irúgbìn bíi Takii àti Sakata mú òbí méjì tó yàtọ̀ síra, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n ń ṣa ọmọ tó lè dì nínú ooru. Ohun tí F1 ara páálí túmọ̀ sí nìyẹn: ọmọ àkọ́kọ́ láti inú òbí méjì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Nínú irú wọn ni KK Cross, tó di ìlú-mọ̀ọ́ká ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ lọ wo àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ní Kútọnú, ní Sèmè, títí dé Grand-Popo. Orí yanrìn etí òkun ni wọ́n wà, kò sí òkè níbẹ̀ rárá, wọ́n sì ń kórè kábéèjì. Ooru tó ń mú wa náà ló ń mú wọn. Nítorí náà, bí kábéèjì bá kọ̀ láti dì ní Agége, ẹ má kọ́kọ́ dá ilẹ̀ lẹ́bi. Ẹ béèrè irúgbìn.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ojú wa ti rí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ìyá mẹ́jọ kan dáwó jọ, wọ́n gba ilẹ̀ kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Wọ́n gbé agolo irúgbìn kan wá fún wa ká bá wọn wò ó. Drumhead ni wọ́n kọ sí i lára. Àwòrán rẹ̀ dára, kábéèjì inú rẹ̀ tó orí ọmọ. A wo àwòrán, a ní ó dáa. A ti ka ọ̀rọ̀ ooru àti òtútù yìí nílé ẹ̀kọ́ o, ṣùgbọ́n a kò ro ó lọ́jọ́ náà. Wọ́n lọ́ ọ ní February. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ewé fẹ̀ bí ewé kókò, kò sí ẹyọ kan tó dì. Ọ̀sẹ̀ kejì, onílẹ̀ já yanrìn sílẹ̀. Màmá tó dàgbà jù nínú wọn wò wá, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ewé lẹ ní ká máa tà ni?" A ò rí èsì fọ̀. Àṣìṣe tiwa ni. Látọjọ́ náà, a kì í wo àwòrán mọ́. Ohun mẹ́ta là ń wò.

1. Ooru. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé irúgbìn náà wà fún ilẹ̀ olóoru, tàbí pé ó ń fara da ooru. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á ẹni tó ti gbìn ín ní ìsàlẹ̀ Èkó, ní Bàdágìrì tàbí Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ní Jọ́ọ̀sì. Irú bíi Brunswick, Drumhead àti Glory of Enkhuizen, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún òkè. Copenhagen Market àti Golden Acre máa ń yára gbó, ṣùgbọ́n òtútù ni wọ́n fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dán wọn wò, ẹ ṣe é kó bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, kó má ju ebè kan lọ.

2. Ọjọ́. Ibí ni ọ̀rọ̀ Coker ti padà wá. Èyí tó tètè gbó ń lo 55 sí 75 ọjọ́, èyí tó pẹ́ ń lo 90 sí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ilẹ̀ àyágbé, gbogbo ọjọ́ tó bá lé, ewu ni. Ẹ tún ṣọ́ra: iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá lọ́ ọ sóko, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a da irúgbìn sí nọ́sìrì. Ẹ fi nǹkan bí 30 ọjọ́ nọ́sìrì kún un. Ẹ jẹ́ ká fi Kérésì ṣírò. Bí ẹ bá fẹ́ tà ní December 20, tí irúgbìn yín jẹ́ ti 65 ọjọ́, October 16 lẹ máa lọ́ ọ, September 16 lẹ máa dá nọ́sìrì. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí ọjọ́ kì í dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ti 110 ọjọ́, ìbẹ̀rẹ̀ August ló yẹ kí nọ́sìrì ti wà nílẹ̀. Onílẹ̀ wo ló máa dúró tó bẹ́ẹ̀?

3. Òjò. Kábéèjì tó gba ooru lè má gba òjò. Nígbà tí ooru àti omi bá pàdé, ìjẹrà dúdú máa ń wọlé láti etí ewé, ewé á pọ́n, iṣan rẹ̀ á dúdú. Ẹ wá irú tó ń fara da àìsàn yẹn, ẹ má gbìn ín síbi tí kábéèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ẹ má sì fún wọn mọ́ra: 45 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò ewé ló ń jà jù, ẹ máa yí abẹ́ ewé wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Èmi á tọ́jú irúgbìn tèmi." Kò ṣeé ṣe níbí o. Kábéèjì gbọ́dọ̀ rí òtútù gidi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọ òdòdó, òtútù yẹn ò sí ní Èkó. Irúgbìn rírà ni títí. Ìdí nìyẹn tí kíka ara páálí fi jẹ́ apá kan iṣẹ́ oko.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ má fi kábéèjì kékeré Agége wé ti Jọ́ọ̀sì. Ti Jọ́ọ̀sì la fi ń kó ọjà jọ. Tiwa, àárọ̀ la gé e, ọ̀sán ló dé ọwọ́ oníṣàwámà. Ọjà ọ̀tọ̀ ni.

Ìyá mẹ́jọ yẹn rí ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ kánààlì, ṣùgbọ́n omi kànga ni wọ́n ń fọ́n, kì í ṣe omi tó ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n ra irúgbìn tó ń gba ooru, ti 65 ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gé e, Màmá já ọ̀kan lé wa lọ́wọ́. Kò tó orí ọmọ. Ṣùgbọ́n ó dì.

Kí ẹ tó ra irúgbìn lọ́dún yìí, ẹ ya fọ́tò ara páálí, pàápàá ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ sí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa níbí. Ẹ sọ àdúgbò yín àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ tà. A ó jọ kà á. Ilẹ̀ á gbè wá o.